Àjẹ́ tó ké ní 2020 kọ́ ló ń pa ọmọ lónìí: ìdáhùn fún oníbóòtù kan ní Ọ̀fà

Arákùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ọ̀fà, mo gé e kúrú díẹ̀ ṣá, ohun tó wí nìyí: “Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ ní ibi ìgbafẹ́ kékeré kan lẹ́bàá Odò Ọya ní Jẹ́bà. Ní oṣù kìíní 2021 a sanwó bóòtù Amẹ́ríkà tuntun kan, ẹsẹ̀ bàtà 18, tòun ti ẹ́ńjìnì ẹ̀, fún ejẹ́ǹtì kan ní Èkó. Oṣù márùn-ún ló ní ó máa gbà. Oṣù kẹsàn-án 2022 ni bóòtù tó dé, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì tún gbowó lé e. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, kòrónà ló ń sọ. Ẹnì kan nínú wa ní irọ́ ni, ó ní owó wa ló fi ń ṣòwò. Ní báyìí a fẹ́ ra ẹ̀kejì, iye tó pè ju ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ, kòrónà náà ló tún ń pè. Ṣé òótọ́ ni? Ká rà á ni, àbí ká dúró kó wálẹ̀?”

Ọmọ Ìyèrú Òkín, mo kí i yín o, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú sùúrù. Kí n tó dáhùn ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n, torí lóde òní gbogbo èèyàn ló ti di amòye. Iṣẹ́ fáíbà ni mò ń ṣe, Èkó ni mo ti kọ́ ọ, ibẹ̀ ni mo ti ń kan bóòtù kí n tó kó wálé sí Ìlọrin, ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́nà Asà Dam. Wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé oníbóòtù wo ló ń gbé Ìlọrin, òkun dà, ọ̀sà dà? Òótọ́ ni, tánkì omi àti bọ́ḿpà mọ́tò ló ń bọ́ mi lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n Jẹ́bà ò jìnnà, Pàtígi náà ń bẹ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀rọ̀ tiyín yìí, ẹrù mẹ́ta ló wà nínú àpò kan: bóòtù tó pẹ́ kó tó dé, owó tí wọ́n tún gbà lẹ́yìn, àti iye tí wọ́n ń pè lónìí. Ejẹ́ǹtì yín di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ó pè é ní kòrónà, ọ̀rẹ́ yín náà di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ó pè é ní olè. Kò sẹ́ni tó tú àpò yẹn wò nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé àrùn dé, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bóòtù tìlẹ̀kùn fún ọdún kan, ọdún méjì, ìdí nìyẹn tí ọjà fi wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2020 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn yẹn ti kárí ayé, kí oṣù yẹn sì tó parí Brunswick tó ni Sea Ray àti Boston Whaler àti ẹ́ńjìnì Mercury ti dá iṣẹ́ dúró ní àwọn kan lára ilé iṣẹ́ wọn, MasterCraft náà dá tiẹ̀ dúró, Beneteau ní Faransé náà tìlẹ̀kùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún, nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún púpọ̀ nínú wọn ti ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwa gan-an fẹ́rẹ̀ pẹ́ jù wọ́n lọ, torí Èkó wọ kónílé-ó-gbélé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, wọ́n sì fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn títí di ọjọ́ kìíní oṣù keje, ẹrù mi wà l'Ékòó tèmi wà n'Ílọrin tí mò ń wo ògiri. Ohun tó dẹ́rù ba àwọn oníbóòtù òyìnbó jù àrùn lọ ni ìrántí 2008, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé tí bóòtù kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n rò pé tọ̀tẹ̀ yìí náà á rí bẹ́ẹ̀, wọ́n bá sáré fagi lé ọjà tí wọ́n ti bẹ̀ lọ́wẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó ń ṣe àga dúró, kí ẹni tó ń ṣe wáyà dúró, kí ẹni tó ń ṣe tánkì epo sinmi ná.

Àṣé ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ẹ ronú sí i, ará Amẹ́ríkà wà nílé, báàlù ò fò, òtẹ́ẹ̀lì tì, bọ́ọ̀lù ò sí, ilé ìjọsìn tì, ọmọ ń ké, ìyàwó ń wojú ọkọ, owó tó yẹ kó fi ṣe fàájì lókè òkun wà nílẹ̀, ìjọba tún há 1,200 dọ́là fún ọ̀pọ̀ wọn, èlé báńkì wálẹ̀ débi tí ẹni tó bá fẹ́ yáwó ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Níbo ni ìdílé lè lọ tí ẹnikẹ́ni ò ní kọ́ lù wọ́n? Orí omi. Ni wọ́n bá da girigiri bo àwọn dílà. Ẹgbẹ́ àwọn oníbóòtù wọn, NMMA, sọ pé bóòtù ẹlẹ́ńjìnì tuntun tí wọ́n tà ní 2020 lé ní 310,000, ìyẹn fi ìdá 12 nínú 100 ju ti 2019 lọ, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ láti ṣáájú 2008. Wọ́n ní àwọn tó ń ra bóòtù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn lé ní 415,000, tuntun àti àlòkù. Ẹ rántí o, ọdún tí wọ́n ti tìlẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn. Ohun tó wà ní yáàdì dílà ni wọ́n kọ́kọ́ kó tán, lẹ́yìn náà wọ́n wá ń kọ orúkọ sílẹ̀ de èyí tí wọn ò tíì kàn. Ìgbà tí ẹ̀yin máa fi sanwó ní oṣù kìíní 2021, ẹ̀yìn ìlà gígùn yẹn lẹ bọ́ sí, ejẹ́ǹtì tó sì sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé oṣù márùn-ún, bóyá kò mọ̀, bóyá ó mọ̀ tó sì fẹ́ gbowó, ẹnu iṣẹ́ la ti ń gbọ́ irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí, torí ibẹ̀ ni ò yé ọ̀rẹ́ yín. Bóòtù kì í ṣe búrẹ́dì, tí wọ́n á ní kí iná pọ̀ sí i kó tètè jinná. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe é, àní ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á fi ìda nu mọ́ọ̀dù tó ní ìrísí bóòtù, wọ́n á fọ́n ọ̀dà dídán tí à ń pè ní jẹ́ẹ̀lìkóòtù sí i, wọ́n á wá tẹ́ fáíbà lé e ní ìpele ìpele, wọ́n á máa fi rẹ́sìn, oje kẹ́míkà tó ń mú fáíbà le, rìn ín, wọ́n á máa fi rólà lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó bá há sáàárín méjì, ibẹ̀ ni bóòtù á ti là lọ́jọ́ kan. Ọmọ iṣẹ́ tí mo bá gbà lónìí, kó tó lè dá tẹ́ ìdí bóòtù fúnra ẹ̀ kí n má lọ tú u wò, ọdún kan á fẹ́rẹ̀ lọ sí i. Nítorí náà kò sí bí ilé iṣẹ́ ṣe fẹ́ sọ bóòtù mẹ́wàá di ogún lójijì, ká tún wá sọ pé ẹnì kan wúkọ́ nínú wọn tí wọ́n sì ní kí gbogbo àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lọ sé ara wọn mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Èròjà náà tún wá ń sọnù níkọ̀ọ̀kan. Oṣù kejì 2021, òtútù kan tírú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ já bọ́ sórí ìpínlẹ̀ Texas, iná lọ, omi dì nínú páìpù, àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tó wà níbẹ̀ tìlẹ̀kùn, àwọn yìí ló sì ń ṣe ohun tí rẹ́sìn àti fóòmù ti ń jáde. Fóòmù yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀, òun ló wà nínú àga bóòtù, òun náà ni wọ́n ń dà sábẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ kó má baà rì. Ẹ tún gbọ́ nípa ṣíìpù kọ̀ǹpútà tó wọ́n káàkiri ayé tí àwọn onímọ́tò fi ń pariwo, ẹ́ńjìnì bóòtù òde òní náà ní búréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ẹja àti jíjìn omi hàn náà ní ṣíìpù nínú. Ẹ́ńjìnì Evinrude tí àwọn àgbà mẹkáníìkì mọ̀ dáadáa kúkú dágbére fáyé pátápátá, oṣù karùn-ún 2020 ni BRP tó ni ín sọ pé àwọn ò ṣe é mọ́, ni gbogbo ẹni tó ń fi Evinrude sẹ́yìn bóòtù bá yí padà lọ bá Yamaha, Mercury àti Suzuki tí ìlà tiwọn náà ti gùn. Bóòtù á wá tán pátá, á dán, wọ́n á gbé e síta sí yáàdì ilé iṣẹ́, ohun kan ṣoṣo ni ò ní sí lára ẹ̀: wáyà kan, ẹ́ńjìnì, nígbà míì ibi tí wọ́n ń gbé ife kọ́fí sí lásán. Wọn ò ní lè gbé e jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé rí mọ irú nǹkan báyìí, ilé parí tán ọ̀gbẹ́ni kọ́kọ́rọ́ ò tíì dé.

Èmi náà jẹ nínú ẹ̀. Ní 2021 mo lọ ra dírọ́ọ̀mù rẹ́sìn kan ní ọjà kẹ́míkà l'Ọ́jọ́ta, owó ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ẹni tó tà á fún mi ní kí n yáa gbé e kí ẹlòmíì tó gbé e. Rẹ́sìn kì í ṣe ìrẹsì tí èèyàn lè kó pamọ́ de ìyàn, bó bá pẹ́ lóòrùn oṣù mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ki fúnra ẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ti ha ibi tí wọ́n kọ déètì sí, ojú kòkòrò ni tèmi, mo gbé e. Nígbà tí mo ṣí i ní Ìlọrin ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ tútù. Dípò kí n dà á nù, mo sẹ́ ẹ, mo fi tẹ́ bóòtù oníbàárà, fáíbà ò mu ún wọnú, ọjọ́ kẹta mo fi ẹ̀rọ lọ gbogbo ẹ̀ kúrò mo tún un ṣe lápò ara mi. Oníbàárà yẹn dúró fún oṣù méjì lé sí i, mo sì sọ fún un pé kòrónà ni. Ẹ rí i báyìí? Ìdajì ẹ̀ kòrónà ni lóòótọ́. Ìdajì yòókù èmi ni.

Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n tún gbà lẹ́yìn ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé kọ̀ǹténà ló fa púpọ̀ nínú ẹ̀. Ọjà tí àwọn òyìnbó ń rà láti Ṣáínà pọ̀ jù, kọ̀ǹténà lọ kò bọ̀, ó há sí ọ̀dọ̀ wọn, ọkọ̀ tó lé ní 100 ló tò sójú omi níwájú Los Angeles àti Long Beach tí wọ́n ń dúró kí àyè ṣí sílẹ̀ ní ìparí 2021. Ìwé òṣùwọ̀n Drewry tí àwọn tó ń kẹ́rù ń wò sọ pé kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 tó jẹ́ nǹkan bíi 1,400 dọ́là ní 2019 ti kọjá 10,000 ní oṣù kẹsàn-án 2021. Láàárín ìyẹn ọkọ̀ ńlá Ever Given tún lọ fi ara dí ojú odò Suez tí ọkọ̀ ń gbà kọjá ní Íjíbítì láti ọjọ́ 23 sí 29 oṣù kẹta 2021. Nílé wa níbí, mi ò tíì sọ ti Apápá o, tí tírélà ń sùn sórí afárá tí dirébà ń wẹ̀ lẹ́bàá táyà. Torí náà bí ejẹ́ǹtì yín bá gbowó kékeré kan lé e ní 2021 pé owó ọkọ̀ lọ sókè, mo gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ ní kó fi ìwé ọkọ̀ hàn yín, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bóòtù kan ń wọ ọkọ̀.

Ṣé ó fowó yín ṣòwò? Mi ò rí rìsíìtì yín, mi ò sì mọ ọkùnrin náà, mi ò lè dá a lẹ́jọ́ látòkèèrè. Ṣùgbọ́n bóòtù yín fúnra ẹ̀ lè jẹ́rìí. Ẹ lọ sẹ́yìn ẹ̀, ibi tí ẹ́ńjìnì gbé wà, ẹ wo apá ọ̀tún bí ẹni tó dojú kọ iwájú bóòtù. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara fáíbà, méjìlá ni gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àmì ilé iṣẹ́, márùn-ún tó tẹ̀lé e ni nọ́ńbà bóòtù náà, lẹ́yìn ìyẹn lẹ́tà kan tó dúró fún oṣù, A ni oṣù kìíní, B ni oṣù kejì, títí lọ dé L, nọ́ńbà kan wá tẹ̀lé e tó jẹ́ ìparí ọdún tí wọ́n ṣe é, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún módẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá rí E222 níparí ẹ̀, oṣù karùn-ún 2022 ni wọ́n ṣe é, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ló dé ọwọ́ yín, a jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló pẹ́, ẹ bẹ ejẹ́ǹtì yín, ẹ tọrọ gáfárà. Bí ẹ bá rí G121, oṣù keje 2021 ni, a jẹ́ pé bóòtù yín ti wà láyé fún oṣù mẹ́rìnlá kẹ́ ẹ tó fojú kàn án, ẹ bi í pé níbo ló wà. Ó lè ní ìdáhùn gidi, ẹ́ńjìnì lè má tíì sí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọdún tó ṣáájú 2021 lẹ rí, bóòtù tó ti jókòó síbì kan tẹ́lẹ̀ ló rà fún yín, owó tuntun lẹ sì san, ìyẹn ò ní kòrónà nínú rárá.

Ó wá ku iye tó ń pè lónìí. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Irú ẹjọ́ tí ejẹ́ǹtì yín ń rò nìyẹn, àmọ́ àjẹ́ tó ké ní 2020 kọ́ ló ń pa ọmọ lónìí. Láti oṣù kẹta 2022 ni báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń gbé èlé sókè, láti orí òdo tó wà, ó ti kọjá 5 nínú 100 nígbà tó di 2023, àwọn tó ń fi gbèsè ra bóòtù bá ká ẹsẹ̀ kò. Ọjà tí àwọn dílà ti bẹ̀ lọ́wẹ̀ nígbà tí iná ń jó wá dé tán lẹ́ẹ̀kan náà, yáàdì kún, ilé iṣẹ́ ń dín iṣẹ́ kù, wọ́n ń já owó bóòtù wálẹ̀ kó lè lọ. Owó kọ̀ǹténà náà wálẹ̀ ní 2023, òótọ́ ni pé ó tún gbéra ní 2024 nítorí ogun tó dé ojú Òkun Pupa, ìyẹn náà ò kan kòrónà.

Náírà wa ni ẹ wò. Ìbẹ̀rẹ̀ 2020, nǹkan bíi 306 náírà ni dọ́là kan lọ́dọ̀ báńkì àpapọ̀, oṣù kẹta ọdún yẹn ó di 360, ní 2021 tẹ́ ẹ sanwó ó ti ń lọ sí 410, oṣù keje 2021 wọ́n ní àwọn ò ta dọ́là fún àwọn oníṣẹ́ńjì mọ́, oṣù kẹfà 2023 wọ́n wá tú okùn ọrùn ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, nígbà tó fi di 2024 ó ti kọjá 1,500. Ká ní ẹ́ńjìnì kan jẹ́ 5,000 dọ́là tí kò sì gbéra rárá lọ́hùn-ún. Ní 410, mílíọ̀nù méjì lé 50,000 náírà ni. Ní 1,500, mílíọ̀nù méje ààbọ̀. Ẹ fi pín in, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Ṣé ẹ wá rí i pé iye tí ejẹ́ǹtì yín pè lè má jẹ́ ìrẹ́jẹ rárá, orúkọ tó pè é ni ò jóòótọ́. Orúkọ yẹn sì ṣe pàtàkì, torí bó bá jẹ́ kòrónà ni, ẹ lè dúró kó lọ, ó kúkú ti lọ. Bó bá jẹ́ náírà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dúró, tẹ́tẹ́ lẹ̀ ń ta yẹn.

Nítorí náà mi ò ní kẹ́ ẹ dúró, àmọ́ mi ò ní kẹ́ ẹ ra irú ti àkọ́kọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá ta kú pé tuntun láti Amẹ́ríkà lẹ fẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà méjìlá yẹn ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè èyí tó jẹ́ módẹ́ẹ̀lì ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn tí dílà ò rí tà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń já owó. Tòkunbọ̀ náà wà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi ìbẹ̀rù kòrónà ra bóòtù ni omi ti sú, wọ́n ń tà á, ẹ lè rí èyí tí wọn ò lò tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ti inú omi iyọ̀ wá, ipata ń jẹ ẹ́ńjìnì ẹ̀ nínú níbi tí ojú ò tó, ẹ sì rántí pé búréènì bọ́ọ̀sì tó bá kú ní Jẹ́bà, Èkó lẹ máa gbé e lọ, bóyá Kutọnu.

Èyí tó wù mí fún yín ni kẹ́ ẹ kan ara bóòtù níbí, kẹ́ ẹ ra ẹ́ńjìnì nìkan láti òde. Mo mọ̀ pé ẹ lè ní alágbẹ̀dẹ ń polówó ọkọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì ní Èkó kẹ́ ẹ fi wé tèmi. Rẹ́sìn tiwa náà dọ́là ló ń tẹ̀lé, kò lè pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ jẹ́ náírà, ẹ ò ní san owó kọ̀ǹténà fún afẹ́fẹ́ tó wà nínú bóòtù, ẹ sì lè máa wá wò ó bí a ṣe ń tẹ́ ẹ. Kò ní dán tó ti òyìnbó, mi ò ní parọ́ fún yín, àga ẹ̀ ò ní rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tà á lọ́la kò ní mú owó tó ti Amẹ́ríkà wọlé. Yamaha Enduro 40 ni mo máa fi sẹ́yìn ẹ̀ fún èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ, kò ní kọ̀ǹputà kankan nínú, ó máa ń mu epo o, owó epo lẹ́yìn oṣù karùn-ún 2023 kì í ṣe ohun tí mo ní láti sọ fún yín, àmọ́ mẹkáníìkì tó wà létí odò Jẹ́bà lè tú u pẹ̀lú ojú dídì. Bí owó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ gé àga kù, ẹ gé rédíò kù, ẹ má gé láífù jákẹ́ẹ̀tì kù, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023 tí àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù sómi lọ́hùn-ún ní Pàtígi, ẹni tó lé ní 100 ló kú, mo mọ ilé tí wọ́n ti sin ju ẹyọ kan lọ.

Kí ẹ tó lọ bá ejẹ́ǹtì yẹn jà, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀yìn bóòtù náà ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Bí iyanrìn bá ti ha á tí kò hàn mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì funfun rá a gbéregbère, kẹ́ ẹ sì yà á ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, á yọ.